Oríkèé Kẹrìnlélógún

Ẹni tó bá ní ìfẹ́ kì í fọ́ni lójú, ẹ ní kó lọ bi Fáìzàh Sàlàkọ́ léèrè. Ọmọbìnrin tó lè mú eegun ẹja tí kò tó èékánná, kó gbé e sábẹ́ awò, kó sì sọ irú ẹja tó jẹ́ àti irú omi tó gbé, òun náà ló gbé ọkùnrin kan síwájú ara rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko tí kò mọ ohun tó ń wò. Èmi ò ní bú u. Kò sẹ́ni tó ń fi awò wo olólùfẹ́ rẹ̀.

Agbowó ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, ilé ìwádìí kékeré kan tí kò ju yàrá mẹ́fà lọ, tó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà. Wọ́n máa ń kó àpò iyanrìn wá síbẹ̀ láti òkè Ọya lọ́hùn-ún, láti ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lágbègbè adágún Ṣáàdì, níbi téèyàn ti lè rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìrí omi tó máa fi bọ́jú. Iṣẹ́ Fáìzàh ni láti rẹ iyanrìn náà sínú omi, kó sẹ́ ẹ, kó sì máa fi abẹ́rẹ́ ṣa eegun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Eegun ẹja ni wọ́n, wọ́n ti di òkúta. Ibi tí ràkúnmí ń tọ̀ lónìí, adágún ńlá ló wà níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Dókítà Dámiláre Dáramọ́lá ló ń wa iyanrìn náà wá. Ọmọ Èkìtì ni, àmọ́ Bódìjà ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ní oṣù kẹfà ọdún 2022, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò lé èjìká, eruku bo orí rẹ̀ bí ẹni tó sùn sínú ẹ̀lùbọ́. Ó mú eegun kan nínú àpò, ó fi kan ahọ́n. Fáìzàh bi í bóyá ebi ló ń pa á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní eegun tó bá ti pẹ́ nínú ilẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, eegun àná kì í lẹ̀. Fáìzàh ní ahọ́n a máa ṣìṣe. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ iná gáàsì títí ó fi pọ́n, ó fi kan eegun náà, kò sì rùn. Ó ní ká ní eegun tuntun ni, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, á rùn bí irun tó jóná.

"Èmi ní ahọ́n, ìwọ ní abẹ́rẹ́," ni Dámiláre wí. "Kò sí eegun tó máa rí wa parọ́ fún."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ọ̀sán pọ̀, ẹ̀wà àgánnyìn àti búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà Agbowó, tí Dámiláre á máa bó èèpo búrẹ́dì sọ́tọ̀ nítorí ó ti mọ̀ pé èèpo ni Fáìzàh fẹ́ràn. Nígbà tó bá padà sí òkè Ọya láti lọ wa ilẹ̀, oṣù méjì méjì ló máa ń lò. Ó ní láti gun orí ọkọ̀ akẹ́rù kí fóònù rẹ̀ tó lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orí ọkọ̀ náà ló sì máa ń dúró sí láti pe Fáìzàh. Á sọ fún un bí oòrùn ṣe ń wọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, á ní òun ń ro bí omi ṣe kún ibẹ̀ rí, òun sì ń ro Fáìzàh náà. Ọjọ́ tí kò bá pè, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun Fáìzàh. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé ẹ̀rù ara rẹ̀ ń bà á.

Ìṣòro tó wà nídìí iṣẹ́ wọn kò ju ọ̀kan lọ. Gbogbo eegun tí Dámiláre ń rí, eegun àrọ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ àrọ̀: inú ẹrẹ̀ ló lè gbé, bí omi bá gbẹ tán á ṣì máa mí. Bí a bá rí eegun àrọ̀ nìkan nínú ilẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé àbàtà ló wà níbẹ̀, omi tó ń kún lójò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ohun tí Dámiláre fẹ́ fi hàn ni pé omi ibẹ̀ jìn, pé kò gbẹ rárá. Ẹja tó lè jẹ́rìí sí ìyẹn ni ẹja ńlá kan tí àwọn Hausa ń pè ní gíwan-rúwá, ìyẹn erin inú omi, tí àwọn ẹlẹ́ja Bódìjà sì ń pè ní gíwá lásán. Gíwá kì í gbé àbàtà. Omi jíjìn tó mọ́ ló ń fẹ́, bí kò bá rí i, á kú. Oríkèé ẹ̀yìn gíwá kan ṣoṣo péré tó fún Dámiláre láti sọ àbàtà rẹ̀ di adágún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúntúndé tó jẹ́ ọ̀gá wọn ti sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa gbà á síṣẹ́ pátápátá nítorí àbàtà. Iṣẹ́ àdéhùn ọlọ́dún kan ló ń ṣe, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un ṣe.

Ọ̀gá yìí náà ló ní kí Fáìzàh lọ ra odindi gíwá lọ́jà Bódìjà, kó sè é, kó yọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, kó sì tọ́jú eegun rẹ̀ sínú páálí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ eegun ẹja òní, kò lè dá ti àtijọ́ mọ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ló se ẹja náà, ọkàn rẹ̀ kò sì sí nílé. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, ó ti lọ sílé wọn ní Challenge láti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́. Alhaji Abdulmojeed Sàlàkọ́ kì í ṣe ènìyàn líle. Bàbá-bàbá rẹ̀ ló ni ilẹ̀ tó pọ̀ lápá Olúyọ̀lé nígbà kan, àmọ́ òun kì í fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè bóyá onígbàgbọ́ ni ọmọkùnrin náà. Fáìzàh ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní, "Jẹ́ kó máa lọ," ó sì mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó wọ yàrá. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, Màmá Dámiláre, Arábìnrin Olúkẹ́mi Dáramọ́lá, ti fi ohun mímu tútù ṣe é lálejò ní Bódìjà, ó sì ti fẹ̀rín sọ fún un pé òun ò kórìíra àwọn Mùsùlùmí, pé Mùsùlùmí ni télọ̀ òun pàápàá. Fáìzàh gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó sì gbọ́ èyí tí wọn ò sọ.

Ẹ̀gbẹ́ iná ló jókòó sí ní ẹ̀yìnkùlé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé náà, tí èéfín ń ràn án lọ́wọ́ láti fi ẹkún pamọ́. Ó ka oríkèé ẹ̀yìn gíwá nínú ìkòkò, ó pé mẹ́rìnlélógún, ó kọ ọ́ sí ara páálí. Ó sá wọn sórí asẹ́ kí wọ́n lè gbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tó fi rẹ iyanrìn Dámiláre. Òjò ṣú lójijì. Ó sáré kó asẹ́, ó sáré gbé abọ́, ó da eegun sínú páálí, ó fi ìdérí dé e. Kò tún un kà.

Ẹni tó wá bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n Alhaji, Alhaja Àbẹ̀ḿbí, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ring Road nítorí ọ́fíìsì rẹ̀ tó fi ń ṣètò ìrìn àjò Mẹ́kà wà níbẹ̀. Fáìzàh lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀ láàárín ìwé ìrìnnà àwọn ènìyàn. Ìyá Ring Road gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, ó ní kó mú ọkùnrin náà wá kí òun fojú òun rí i. Dámiláre wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì jókòó wákàtí méjì ó ń bá ìyá náà to ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra ni Ìyá Ring Road fi lọ sí Challenge. Ó rán àbúrò rẹ̀ létí pé nínú ìdílé Sàlàkọ́ kan náà yìí, ìyá àwọn kan ti jẹ́ onígbàgbọ́ rí, ilé ò sì wó. Nígbẹ̀yìn, Alhaji ní kí wọ́n mú un wá.

Fáìzàh wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Bí mo bá ní kí o ṣe kálímáṣàhádà, kí o gba Ìsìláàmù níbí báyìí, kí n sì fún ọ lọ́mọ, ṣé wàá ṣe é?"

"Mo lè fẹnu sọ ọ́, sà, kò le," ni Dámiláre wí. "Àmọ́ irọ́ ni màá máa pa fún yín, màá sì máa pa á fún Ọlọ́run. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè ṣe é."

Fáìzàh rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Àmọ́ Alhaji ní kí wọ́n bu omi fún àlejò. Lẹ́yìn tí Dámiláre lọ tán, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun mọ ọmọkùnrin mẹ́rin ní àdúgbò àwọn nìkan tí wọ́n wá gba Ìsìláàmù nítorí ìyàwó, tí wọ́n sì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ àkọ́kọ́. Ó ní ẹni tí kò lè parọ́ láti fi gba obìnrin, ìyẹn kò ní parọ́ nítorí ohunkóhun. Ohun tó kù tí òun ń fẹ́ ni pé kí iṣẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí òun ò ní fi ọmọ fún ẹni tí kò mọ ibi tí yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá bi mí, mo gbà pé òótọ́ inú ni Dámiláre sọ lọ́jọ́ yẹn. Òótọ́ kì í ṣòro púpọ̀ fún ẹni tí kò tíì ní ohun tó máa pàdánù.

Oṣù kìíní ọdún 2024 ni Dámiláre pè é lórí fóònù láàárọ̀ Sátidé kan. Ó ní òun nìkan wà níbi iṣẹ́, òun ń sẹ́ iyanrìn tó kù nínú abọ́ àtijọ́ kan, pé kó máa bọ̀ kíá. Nígbà tí Fáìzàh débẹ̀, oríkèé ẹ̀yìn kan wà lórí òwú funfun, ó pọ́n bí ilẹ̀ tí wọ́n ti wà á, ó tóbi bí bọ́tìnì ẹ̀wù òtútù. Ó gbé e sábẹ́ awò. Gíwá ni.

Ó nawọ́ sí abẹ́rẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àmọ́ Dámiláre gbá a mọ́ra. Ó ní òun ti fi kan ahọ́n ní ìgbà mẹ́ta, ó lẹ̀ bí àtè. Ó ní, "Fáìzàh, Ọlọ́run ló lò ọ́ fún mi. Ohun tó o ṣe fún mi, ìyá mi ò lè ṣe é." Fáìzàh rò pé sísẹ́ iyanrìn ló ń dúpẹ́ rẹ̀. Ó sunkún ayọ̀ sí i láyà, ó sì gbàgbé abẹ́rẹ́.

Nǹkan yára lẹ́yìn ìyẹn. Pépà tí Dámiláre kọ lórí gíwá náà jáde ní oṣù karùn-ún, àwọn onímọ̀ láti ibi gbogbo ń kọ̀wé sí i, ilé ìwádìí náà sì gbà á síṣẹ́ pátápátá. Alhaji mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Wọ́n fi ìdána sí Sátidé kejì nínú oṣù kẹwàá. Màmá Dámiláre nìkan ni kò tíì yọ́nú, ó ń sọ kiri Bódìjà pé òun ń gbààwẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó kà á sí. Fáìzàh ti dá aṣọ, ó ti ń ka ọjọ́.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yá eegun gíwá tí Fáìzàh sè lọ́jọ́sí, kí àwọn lè fi wé ti Dámiláre. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúntúndé ní kó kà á kó tó dì í. Ọjọ́rú ló kà á, ó jẹ́ mẹ́tàlélógún. Ó tún un kà. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó tò wọ́n láti ọrùn dé ìrù, ó sì rí i pé ọ̀kan ṣófo láàárín ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ló rántí òjò, ó rántí asẹ́, ó rántí abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eegun tó bá wà nínú omi ẹrẹ̀ pupa fún ọ̀pọ̀ oṣù, dandan ni kó pọ́n.

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ sí Dámiláre: "Èmi ni mo gbé eegun gíwá yẹn sínú iyanrìn rẹ. Ẹ̀bi mi ni gbogbo rẹ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Ó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà lọ.

Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí tí wọ́n tọ́jú eegun olókìkí náà sí. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ iná. Bó ṣe fi kàn án ni òórùn irun jíjóná gba yàrá. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ó yí eegun náà padà láti gbé e sílẹ̀, ó sì rí i pé ojú ibòmíràn tí abẹ́rẹ́ ti jó o wà ní abẹ́ rẹ̀, dúdú, kékeré, ó ti pẹ́. Ẹnìkan ti dán an wò ṣáájú rẹ̀. Ènìyàn méjì péré ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí yẹn, òun àti Dámiláre.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá àlàyé títí fún ọkùnrin náà, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ ṣe máa ń wá a. Bóyá ó dán an wò, àmọ́ imú rẹ̀ di. Bóyá àná ló dán an wò. Kò sí èyí tó dúró nínú wọn.

Dámiláre dé lọ́sàn-án. Fáìzàh kò kí i, ó kàn béèrè ìgbà tó ti mọ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo rí i," ni Dámiláre wí. Ó ti ilẹ̀kùn. "Mo rò pé o mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Mo rò pé o ṣe é kí n lè rí iṣẹ́, kí bàbá rẹ lè fún mi ní ìwọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń dúpẹ́ rẹ nínú ọkàn mi. Mo ní obìnrin tó lè ṣe irú èyí fún mi, ikú nìkan ló máa yà wá."

Fáìzàh wò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó ti gbọ́ láti oṣù kìíní ló ń padà wá sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Olè kan wà tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn tọkàntọkàn, orúkọ Fáìzàh ló fún olè náà.

"Èmi kọ́ lo fẹ́ràn nígbà yẹn," ló wí.

Dámiláre kúnlẹ̀ tì í. Ó ní eegun lásán ni, pé àwọn mìíràn ti rí gíwá ní ibòmíràn nínú adágún àtijọ́ yẹn, pé ó ṣeé ṣe kó wà níbi tí òun wa ilẹ̀ náà, kí wọ́n kàn bá àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn wá gíwá mìíràn sè. Fáìzàh jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní kó lọ sọ òótọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúntúndé fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí. Ó ní, "Bí o bá sọ ọ́, màá dúró tì ọ́. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, èmi fúnra mi ni màá bẹ bàbá mi. Màá ṣì fẹ́ ọ, Dámiláre." Gbogbo ohun tó kù nínú ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Dámiláre di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní òun á ṣe é.

Ó sì ṣe é lóòótọ́. Ọjọ́bọ̀ ló lọ.

Nígbà tí wọ́n pe Fáìzàh sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n láàárọ̀ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sórí fóònù ló wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò jágbe. Ó fi ohùn ìkáàánú sọ fún un pé Dámiláre ti wá, ó ti sunkún, ó sì ti ní òun á kọ̀wé yọ pépà òun kúrò kó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ó ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín onímọ̀, ilé ìwádìí kò ní jẹ́ kó lọ. Fáìzàh nìkan ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ó sọ ti ojú abẹ́rẹ́ tó ti wà lábẹ́ eegun náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun mọ̀, Dámiláre ti ṣàlàyé rẹ̀: Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí Fáìzàh jẹ́wọ́ fún un, ló dán an wò. Ta ló ra gíwá náà? Fáìzàh ni. Ta ló sè é? Fáìzàh ni. Ta ló kọ mẹ́rìnlélógún sára páálí? Fáìzàh bá a dé ìdí ìbéèrè náà, ó rí i pé kò sí ọ̀nà àbájáde kankan níbẹ̀. Ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà Agbowó, kò mọ ọkọ̀ tó wọ̀ délé.

Ó pe Dámiláre ní ìgbà mọ́kànlá, kò gbé e. Lálẹ́ ni Dámiláre fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: "Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún wa nìyí. Fara dà á. Mo ṣì ń fẹ́ ọ."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, Alhaji ránṣẹ́ pè é sí pálọ̀ ní Challenge. Ìyá Ring Road ti jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Òun ló jíṣẹ́. Ó ní Dámiláre wá bá òun lánàá, ó ní òun ti dárí ji Fáìzàh, ọjọ́ ìdána kò sì yẹ̀. Ìyá Dámiláre pàápàá, tó ti ń kọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ló fẹnu ara rẹ̀ pe òun, ó ní bí ọmọ òun bá lè gba irú èyí mọ́ra, òun ò ní jẹ́ ẹni tó máa kọ̀. Ìyá Ring Road ní òun ti rìn nínú ayé, òun ò rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí.

Fáìzàh sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìkòkò, òjò, abọ́, abẹ́rẹ́, títí dé ohun tí Dámiláre sọ nígbà tó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá béèrè bóyá òun ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí fóònù. Ó ní òun ni. Alhaji mi orí.

"Ọmọkùnrin yẹn jókòó síbi tí ìwọ jókòó sí yìí," ló wí. "Gbólóhùn kan péré ni mo ní kó sọ, wọn ì bá sì fún un ní ohun tó ń wá. Kò sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà pé òun ló ń purọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n búra, bàbá mi."

Ó dìde. Ó ṣì ní àlùwàlá. Àlùkùránì wà lórí pẹpẹ rẹ̀, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, ó sì ti nawọ́ sí i nígbà tí bàbá rẹ̀ dìde, kíákíá ju bí orúnkún rẹ̀ ṣe máa ń jẹ́ lọ, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Má ṣe é, ọmọ mi. Ohun tó o ṣe, ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é, Ọlọ́run á forí jì ọ́. Àmọ́ ìbúra èké, kò sẹ́ni tó máa bá ọ gbé e."

Ọwọ́ náà gbóná, ó sì rọ̀. Bí Alhaji bá gbá a létí ni, ì bá sàn fún un. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò rántí ìgbà tí bàbá rẹ̀ fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ohùn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọdé tí ara rẹ̀ kò yá. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tirẹ̀.

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má wá," ni Fáìzàh wí. "Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ìyá Ring Road káwọ́ lérí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ó mọ ohun tó ń sọ, bóyá ó rò pé ẹlòmíràn máa wá sílé yìí lẹ́yìn tí gbogbo Ìbàdàn bá gbọ́. Fáìzàh ti mú ìborùn rẹ̀, ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ wọn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Alhaji wí. "Ojú ló ń tì í."